Búrẹ́dì eléso tí mo fẹ́ gbé fún ìyá ọkọ mi: kí ni mo máa ṣe tí kò fi ní le, tí kò sì ní bu?

Àdùkẹ́ Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníbúrẹ́dì. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò fẹ́ ra kéèkì, búrẹ́dì eléso méjì tí mo yan fúnra mi ni mo fẹ́ gbé lọ. Màmá kì í fẹ́ ohun tó dùn jù, eyín wọn ò sì gba ohun líle mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kó ṣì rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan, wọ́n á bù fún àwọn ará ilé.

Ófìn gáàsì kékeré ni mo ní, èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Mo ní páànù búrẹ́dì méjì tí gígùn wọn tó sẹ̀ǹtímítà 23, mo sì ní òṣùwọ̀n kékeré. Kò sí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, ọwọ́ ni màá lò. Èso tí mo lè rà lọ́jà níbí ni résínì, dàbínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó àti àgbọn.

Ṣé oníyíìsì ni kí n ṣe ni àbí èyí tí kò ní yíìsì? Ṣé mo lè gé ọ̀pẹ òyìnbó tútù sí i? Kí ni mo máa ṣe tí èso ò fi ní rì lọ sí ìdí páànù? Ọjọ́ wo gan-an ni kí n yan án? Ẹ ṣeun o.

Oníbúrẹ́dì Èbúté (Ìkòròdú)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Oníyíìsì ni kí ẹ ṣe. Ṣúgà rẹ̀ kéré, ó sì máa ń rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Àmọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi èyí sọ́kàn: omi inú èso ló ń ṣe búrẹ́dì eléso lóore, òun náà ló ń bà á jẹ́. Èso tó bá gbẹ jù á máa fa omi inú búrẹ́dì mu, búrẹ́dì á sì le lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá lómi jù, agbègbè ibi tó jókòó sí kò ní jinná dáadáa, ibẹ̀ náà ni ebu á ti kọ́kọ́ yọ. Gbogbo ohun tí màá sọ yìí, nítorí omi yẹn ni.

Ìwọ̀n búrẹ́dì kan nìyí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Fúláwà 500 gíráàmù, kó jẹ́ èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po bekin páúdà mọ́. Yíìsì gbígbẹ, 7 gíráàmù. Ṣúgà 60, iyọ̀ 8, bọ́tà 60. Ẹyin kan. Mílíìkì 280 mílílítà, èyí tí ẹ fi omi po nínú mílíìkì oníyẹ̀fun náà dára. Résínì 120, dàbínù 60. Ẹ rin ara ọsàn kan sí i, àwọ̀ òkè rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá rin ín dé ibi funfun, ó korò.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ èso. Ẹ yọ kóró dàbínù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó rí bíi résínì. Ẹ fọ méjèèjì, iyanrìn máa ń wà lára résínì tí wọ́n ń wọ̀n lójú ọjà. Lẹ́yìn náà kí ẹ da omi gbígbóná lé e, tàbí tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ di àárọ̀. Inú rẹ̀ á ti mumi, ara rẹ̀ ò sì ní tutù. Bí ẹ bá dà á sínú fúláwà tòun tomi, gbogbo nǹkan á di ẹrẹ̀, ẹ ó sì máa bu fúláwà kún un títí búrẹ́dì á fi le bí òkúta.

Ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ kó rọ̀ di ọjọ́ Ajé. Ohun tó ń ṣe é nìyí. Nínú fúláwà 500 yẹn, ẹ bu 25 gíráàmù sọ́tọ̀. Nínú mílíìkì 280 yẹn, ẹ bu 125. Ẹ po méjèèjì nínú ìkòkò kékeré, ẹ gbé e ka iná tí kò le, ẹ máa rò ó bí ẹni ń se ògì títí yóò fi ki. Kò gbọdọ̀ hó. Bí ṣíbí bá ti ń fi ipa sílẹ̀ nídìí ìkòkò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ bo ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó lò ó. Fúláwà tó ti jinná báyìí máa ń di omi mú ju fúláwà tútù lọ, ìyẹn ni búrẹ́dì ò ṣe ní tètè gbẹ. Ẹ má lo búrẹ́dì ímpúrúfà, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ fúláwà kí búrẹ́dì lè wú dáadáa, tí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de potassium bromate, ọ̀kan lára irú èròjà bẹ́ẹ̀, nínú búrẹ́dì, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa fi ohun tí kò ní orúkọ lára ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ dán yíìsì yín wò ná, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà fífún kan. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó yẹ kó ti máa yọ ìfófòó. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ó ti kú nìyẹn, ẹ má fi bọ́tà ṣòfò lé e lórí. Omi gbígbóná náà ń pa á. Bí ìka yín ò bá lè dúró nínú omi náà, yíìsì ò lè dúró níbẹ̀.

Ẹ po fúláwà, yíìsì, ṣúgà àti iyọ̀. Ẹ da ẹyin, fúláwà tí ẹ sè bí ògì yẹn àti mílíìkì tó kù sí i. Ní àsìkò ooru yìí, mílíìkì tútù láti inú fíríìjì ni kí ẹ lò. Ilé gbóná, ọwọ́ yín náà gbóná, bí fúláwà bá ti gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀, á wú kí adùn rẹ̀ tó jáde, á sì máa run kíkan. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó wá máa fi bọ́tà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá. Á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ má bu fúláwà lé e. Ẹ máa pò ó lọ, á fúnra rẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó tó nígbà tí ẹ bá fa díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín ìka méjì, tó fẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìya.

Ìgbà yìí ni èso tó wọlé, kò gbọdọ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ́ fúláwà pẹrẹsẹ, ẹ fọ́n èso àti ọsàn rírin sí i, ẹ ká a, ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ pò ó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, á fọ́, omi rẹ̀ á pa fúláwà láwọ̀, á sì máa gé ohun tó ń mú fúláwà fà.

Ẹ bò ó kó wú di ìlọ́po méjì. Pẹ̀lú ooru ibí, bíi wákàtí kan. Ẹ wo fúláwà, ẹ má wo aago. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ̀ tó gígùn páànù, ẹ ká a kó le dáadáa, kí ẹ fún ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹnu náà wà nísàlẹ̀. Résínì tó bá yọ sójú òde, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ abẹ́. Tó bá wà lókè, á jóná, á sì korò. Ó tún máa wú nínú páànù fún bí ìṣẹ́jú 40. Bó bá ti ga ju etí páànù lọ díẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá sáré padà sókè, kò tíì tó. Bó bá rọra padà tí ipa díẹ̀ sì kù, ẹ gbé e wọ ófìn. Bí kò bá padà mọ́ rárá, ó ti kọjá, á sì wọ̀ lulẹ̀ nínú iná.

180°C, ìṣẹ́jú 35. Nítorí ṣúgà àti mílíìkì, òkè rẹ̀ á ti pupa ní bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ da fọ́ìlì bò ó nígbà náà, ẹ má yọ ọ́.

Alágbọn (Àgbádárìgì)

Ọ̀gá Èbúté ti sọ̀rọ̀, ẹ ṣeun sà. Màá dá sí ti ọ̀pẹ òyìnbó nítorí kò tíì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀.

Àǹtí, ẹ má gé ọ̀pẹ òyìnbó tútù sínú búrẹ́dì oníyíìsì. Kì í ṣe nítorí omi rẹ̀ nìkan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bromelain, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tú purotéènì ká. Òun ló ń ta ahọ́n yín nígbà tí ẹ bá jẹ ẹ́ púpọ̀. Purotéènì inú fúláwà ló sì ń mú kó fà, kó sì gbé afẹ́fẹ́ ró. Bí ọ̀pẹ òyìnbó tútù bá wọ ibẹ̀ tó sì jókòó fún wákàtí kan, ẹ ó rí i pé fúláwà tó ń fà tẹ́lẹ̀ ti ń ṣàn, ó ń lẹ̀, kò sì gbé ara ró mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè pò ó tó máa padà. Ìbẹ́pẹ tútù náà ń ṣe irú rẹ̀, tirẹ̀ ni papain.

Iná ló ń pa á. Ẹ gé ọ̀pẹ òyìnbó 300 gíráàmù wẹ́wẹ́, kó kéré ju èékánná ìka kékeré lọ. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà méjì sí i, ẹ sè é nínú páànù dídín láìbò ó, ẹ máa rò ó. Á yọ omi púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, omi náà á gbẹ, èso náà á wá máa dán, á sì máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni. Ohun tó kù kì í tó ìdajì ohun tí ẹ gbé kaná. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ lè fi 80 gíráàmù rẹ̀ rọ́pò dàbínù tí ọ̀gá kọ, kí résínì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó wà nínú agolo ti rí iná tẹ́lẹ̀, kò ní ba fúláwà jẹ́, àmọ́ ẹ sẹ́ ẹ dáadáa kí ẹ sì yan omi rẹ̀ gbẹ.

Ní ti àgbọn, a ò lè máa gbé Àgbádárìgì kí a má sọ tàgbọn. Ó dùn púpọ̀ nínú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n àgbọn tútù tí wọ́n rin sínú búrẹ́dì kì í pẹ́ kó tó kan. Ọjọ́ kejì nínú ooru, ó ti ń yọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún ẹ̀bùn, ẹ rin ín, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ máa dà á sọ́tùn-ún dà á sósì títí etí rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kí ẹ tó rin ín, ẹ tọ́ ọ wò. Èyí tí òróró rẹ̀ ti yí, gbogbo búrẹ́dì ló máa kó òórùn rẹ̀, ṣúgà ò sì lè bò ó. 60 gíráàmù tó fún búrẹ́dì kan. Bí ẹ bá fi omi tí ẹ fún lára àgbọn rọ́pò mílíìkì, ẹ dín bọ́tà kù di 40, torí òróró ti wà nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, fún ìyá arúgbó tí eyín ti dùn, èmi ò ní fi àgbọn sí i. Ó máa ń há sí eyín.

Àmọ̀kẹ́ Onípákà (Ẹ̀pẹ́)

Èmi ò fara mọ́ oníyíìsì yẹn o, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tó fẹ́ gbé ẹ̀bùn wá láti Ìkòròdú, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó ṣe. Àwo kan, ṣíbí kan, kò sí pé à ń pò ó títí apá ń ro ni. Adùn rẹ̀ tún máa ń jáde sí i lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ti yíìsì ti ń gbẹ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú, tí ẹ bá bó tí ó tó 330 gíráàmù, mẹ́ta ńlá tàbí mẹ́rin. Èyí tó ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò tíì dùn tó, kò sì ní fọ́. Fúláwà 250. Ṣúgà 100, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ dùn. Òróró 100 mílílítà. Ẹyin méjì. Bekin sódà ṣíbí tíì kan, kó má ga jù, kó má lé. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, nọ́tìmẹ́ẹ̀gì díẹ̀. Résínì tàbí dàbínù 80.

Ẹ fọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ lu ẹyin, ṣúgà àti òróró mọ́ ọn. Ẹ jọ fúláwà, sódà àti iyọ̀ papọ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi ṣíbí yí i pọ̀ títí ẹ ò fi ní rí fúláwà funfun mọ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Kókó kéékèèké tí ẹ rí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń lù ú títí yóò fi dán, búrẹ́dì rẹ̀ á le, á sì ní ihò gígùn gígùn nínú. Sódà ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tó bá ti kan ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà kí ófìn ti gbóná kí ẹ tó pò ó. 170°C, ìṣẹ́jú 55 sí 65.

Ẹ béèrè nípa èso tó ń rì. Wọ́n máa ń ní kí ẹ fi fúláwà ra èso lára. Ó ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan bí àpòpọ̀ bá ti ṣàn jù. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó máa jábọ́ ní ìṣù, kó má máa ṣàn bí omi. Ẹ gé èso kéré. Ẹ sì lè da ìdá kan nínú mẹ́ta àpòpọ̀ sínú páànù láìfi èso sí i rárá, kí ẹ wá po èso mọ́ èyí tó kù kí ẹ dà á lé e.

Bí ẹ bá gé e tí ẹ rí ìlà kan nísàlẹ̀ tó rí bíi fùfú, tó tutù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀ jù tàbí pé ẹ yọ ọ́ kó tó jinná. Sódà tó bá pọ̀, á máa run bí ọṣẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú.

Oníbúrẹ́dì Èbúté (Ìkòròdú)

Ìyá Onípákà, kò sí ìjà. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára. Àmọ́ àǹtí sọ pé màmá kì í fẹ́ ohun tó dùn. Ṣúgà 100 sí fúláwà 250, kéèkì nìyẹn lójú tèmi. Ti oníyíìsì, 60 sí 500 ni.

Àmọ̀kẹ́ Onípákà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ dín in kù sí 70, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ẹ kàn má dín in kọjá bẹ́ẹ̀, torí ṣúgà náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kó tutù lẹ́nu.

Àdùkẹ́ Sábó (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ófìn mi ò ní nọ́ńbà kankan lára, iná kékeré, àárín àti ńlá ni. Báwo ni màá ṣe mọ 180? Ìkejì, àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ yan tiẹ̀, kò sì ní ófìn rárá, kúkà gáàsì olójú méjì ló ní.

Bàbá Ófìn (Ẹ̀pẹ́)

Tẹmómítà ófìn wà tí wọ́n ń gbé kọ́ sínú, irin kékeré ni, kò gba iná mànàmáná. Ẹ ra ọ̀kan. Ófìn orí tábìlì máa ń parọ́, kódà èyí tó ní nọ́ńbà. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ tan ófìn sí àárín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wọ́n ṣíbí fúláwà kan sórí fọ́ìlì, kí ẹ gbé e sí àárín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ṣì funfun, iná kò tó. Bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ti wà nítòsí. Bó bá dúdú, ẹ dín in kù. Kì í ṣe ìwọ̀n gidi, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa méfò.

Ìsàlẹ̀ ni iná ófìn gáàsì ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ búrẹ́dì fi ń jóná nígbà tí òkè ṣì funfun. Ẹ gbé tíréè irin kan sí ipele ìsàlẹ̀, kí páànù búrẹ́dì wà ní ipele òkè rẹ̀. Ẹ má ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́. Páànù méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ófìn kékeré? Bí wọn ò bá fara kanra tí wọn ò sì kan ògiri, ẹ lè ṣe é, kí ẹ yí wọn padà lẹ́yìn 20 yẹn. Bí àyè bá há, ẹ yan ọ̀kan kí ẹ gbé èkejì sínú fíríìjì nígbà tí ẹ bá ti ká a sínú páànù, kó má bàa wú kọjá.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó jinná: èyí tó ní yíìsì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páànù, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀, kó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá ní tẹmómítà oúnjẹ, 93°C ní àárín gbùngbùn. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ìtayín. Kí ẹ tì í bọ àárín, kó jáde láìní àpòpọ̀ lára. Ẹ ṣọ́ra o, bó bá gún résínì, á jáde tutù, ẹ ó rò pé kò tíì jinná. Ẹ gún un níbi méjì.

Fún àbúrò yín, ìkòkò ńlá onírin nípọn tó ní ọmọrí. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ mímọ́ sí ìdí rẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí agolo mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba lé e, kí páànù má fara kan iyanrìn. Ẹ bò ó, ẹ gbé e kaná tó wà ní àárín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí páànù tó wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ dín iná kù. Ooru inú ìkòkò máa ń di omi lára ọmọrí, á sì máa kán sórí búrẹ́dì. Aṣọ ni wọ́n ń fi dì í lábẹ́, kí ẹ so etí aṣọ náà mọ́ orí ọmọrí, kí iná má bàa mú un. Kó má lo ìkòkò tí wọ́n kùn nínú kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, gbígbẹ gbígbóná bẹ́ẹ̀ ń ba ohun tí wọ́n kùn yẹn jẹ́. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yẹ kó yàn. Á gba wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkè rẹ̀ ò sì ní pupa bíi ti ófìn. Adùn rẹ̀ ò yàtọ̀.

Alágbọn (Àgbádárìgì)

Ẹni bá fẹ́ kí òkè pupa, kó fọ́n ṣúgà díẹ̀ àti àgbọn yíyan sí i lórí nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé inú ìkòkò ló ti wá.

Ọmọ Ọlọ́sà (Ẹ̀pẹ́)

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìdì àti ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bùn ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ gbọ́ mi lórí èyí.

Ẹ má dì í nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páànù, ẹ gbé e sórí irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà abẹ́ rẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta. Ara rẹ̀ lè ti tutù nígbà tí àárín ṣì ní ooru. Ooru yẹn ló ń di omi nínú ọ̀rá, omi yẹn ló ń di ebu. Ní ìlú olómi bíi tiwa níbí, ọjọ́ méjì péré ló gbà.

Pépà tí wọ́n ń tẹ́ sínú páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé e, kí ẹ wá fi ọ̀rá mímọ́ bò ó, kí ẹ fún ẹnu rẹ̀ pa. Ọ̀rá nìkan, ó ń làágùn. Pépà nìkan, ó ń gbẹ. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì láti tọ́jú rẹ̀, búrẹ́dì máa ń tètè le nínú òtútù fíríìjì ju lórí tábìlì lọ. Fírísà yàtọ̀. Bí iná yín bá dúró dáadáa, ẹ lè gé e, ẹ wé e, ẹ gbé e sínú fírísà, kò ní le.

Ẹ yan ti yíìsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lọ́sàn-án, kó tutù títí di alẹ́, kí ẹ dì í. Èso ti gbọ́dọ̀ wà lórí aṣọ láti alẹ́ Ẹtì. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, alẹ́ Ẹtì ni kí ẹ yan án.

Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ìtóìkín bọ̀, ẹ gbé e sínú páálí tó ba búrẹ́dì mu, kí ẹ fi aṣọ dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má máa yí kiri. Orí ẹsẹ̀ yín ni kó wà, kó má wà nínú bọ́ọ̀tù. Bọ́ọ̀tù ọkọ̀ èrò gbóná, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n máa gbé lé e, nígbà míì agbọ̀n ẹja ni. Búrẹ́dì ń kó òórùn.

Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí pépà kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára: fúláwà, ẹyin, mílíìkì, bọ́tà, èso tí ẹ lò, àti ọjọ́ tí ẹ yan án. Ẹ sọ pé wọn máa bù ú fún ará ilé. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹyin tàbí mílíìkì kì í bá lára mu nínú wọn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọkọ yín bóyá màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, torí résínì àti dàbínù kún fún ṣúgà, bí ẹ tilẹ̀ dín ti inú fúláwà kù.

Àdùkẹ́ Sábó (Ìkòròdú)

Mo ti béèrè, kò sí ìtọ̀ ṣúgà. Oníyíìsì ni màá ṣe fún màmá, résínì àti ọ̀pẹ òyìnbó sísè. Èkejì, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú dàbínù àti ṣúgà 70, kí ìjà Èbúté àti Ẹ̀pẹ́ lè parí. Ṣé kí n gé e kí n tó dì í, kó lè rọrùn fún wọn?

Oníbúrẹ́dì Èbúté (Ìkòròdú)

Rárá, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí ẹ bá gé ni afẹ́fẹ́ á ti máa gbẹ ẹ́. Ẹ mú ọ̀bẹ eléyín dání, kí ẹ gé ti àkọ́kọ́ níwájú màmá, kí èyí tó kù padà sínú pépà rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ le lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n gbé ègé náà sórí páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú bọ́tà.

Àmọ̀kẹ́ Onípákà (Ẹ̀pẹ́)

Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò nílò páànù kankan lọ́jọ́ Ajé o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.